Iṣẹ́ Abẹ fún Jẹjẹrẹ Ìfun Lára Àwọn Arúgbó

Nínú àwọn àìsàn tí ń bá ogbó rìn, jẹjẹrẹ ìfun ńlá jẹ́ ọ̀kan tí ó máa ń yọ́ wọlé bí olè. Ìfun ńlá ni apá ìsàlẹ̀ ìfun wa. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5, òun ni ó sì ń fa omi kúrò nínú ìyókù oúnjẹ kí ó tó di ìgbẹ́. Kókó kékeré a máa hù sí ara rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, bí olú ti ń hù lára igi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ènìyàn ní ibi. Ṣùgbọ́n òmíràn lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì yí padà di jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi ń bá àwọn tí ó ti lé ní ẹni ọdún 50 jà jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ náà kò bọ́ pátápátá.

Àwọn àmì rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, ara rírù àti àárẹ̀ tí kò nídìí. Ní ilẹ̀ wa, bí àgbà bá rí ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò ní, “Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni,” yóò sì gbé ìkòkò àgbo kaná. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí a máa mú ẹ̀jẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Àyẹ̀wò dókítà ni ó lè fi í hàn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Iṣẹ́ abẹ ni olórí ìwòsàn fún jẹjẹrẹ ìfun tí kò tíì tàn kálẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ yóò gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò pẹ̀lú ẹran ara tí ó yí i ká, yóò sì so ẹnu ìfun méjèèjì pọ̀. Nígbà mìíràn, yóò fa ẹnu ìfun gba ara ikùn jáde, kí ìgbẹ́ lè máa bọ́ sínú àpò kan. Àwọn kan ń lo àpò yìí fún oṣù díẹ̀, àwọn mìíràn títí ayé. Kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí a gbé arúgbó lọ sábẹ́ ọ̀bẹ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ní, “Ẹ jẹ́ kí baba sinmi.” Ṣùgbọ́n iye ọdún nìkan kọ́ ni adájọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti agbára ẹsẹ̀ aláìsàn ni dókítà ń wò. Ẹni ọdún 75 kan ṣì ń rìn lọ sí oko. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè dìde lórí àga láìsí olùrànlọ́wọ́. Ewu a sì máa pọ̀ jù bí a bá dúró títí ìfun fi dí, tí iṣẹ́ abẹ wá di ti òjijì.

Ẹ wo Ronald Reagan, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní oṣù Keje ọdún 1985, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 74, àwọn dókítà yẹ ìfun rẹ̀ wò ní Bethesda, wọ́n sì rí kókó ńlá kan. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gé ìfun náà tó ẹsẹ̀ bàtà 2 kúrò. Jẹjẹrẹ wà nínú kókó náà, ṣùgbọ́n kò tíì tàn. Reagan padà sẹ́nu iṣẹ́, ó parí sáà rẹ̀ ní 1989, ó sì di ẹni ọdún 93 kí ó tó kú ní 2004. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni yóò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n títètè rí àrùn náà ṣe é lóore.

Ìmúrasílẹ̀ pẹ̀lú ní agbára. Kí arúgbó máa rìn, kí ó máa jẹ ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà, kí ó sì pa sìgá tì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí a tètè ràn án lọ́wọ́ láti jókòó àti láti rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀, kí òtútù àyà má sì mú un. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ fún ọjọ́ díẹ̀, kí a má ṣe pariwo àjẹ́. Kí a sọ fún dókítà, kí a gbé awojú rẹ̀ fún un, kí ẹni tí ó mọ̀ sì jókòó tì í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí bàbá tàbí ìyá àgbà bá fi irú àmì wọ̀nyí hàn yín, ẹ má ṣe fi í pamọ́. Ẹ bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́, nítorí ara wọn ni.