Ìdí tí ènìyàn fi ń kọ ẹ̀rí tuntun tí ó tako ìgbàgbọ́ rẹ̀

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ọ̀pọ̀ òbí ya bo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Onitsha àti ní àwọn ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ Anambra láti kó àwọn ọmọ wọn lọ sílé. Ìròyìn tí ó gba ìgboro kan ni pé àwọn ọmọ ogun ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ kiri, wọ́n sì ń fi tipátipá gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ tí yóò kó àrùn monkeypox ràn wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun ṣàlàyé pé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ni àwọn ń ṣe fún ará ìlú. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú sọ pé irọ́ ni ìròyìn náà. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù náà tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní ìhà gúúsù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń mú kí òtítọ́ kùtà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dáhùn pé àìmọ̀wé ni. Àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn ẹ̀dá sọ pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkàn a máa ṣe ojúsàájú

Ní ọdún 1979, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Charles Lord, Lee Ross àti Mark Lepper, kó akẹ́kọ̀ọ́ 48 jọ. Ìdajì wọn fara mọ́ ìdájọ́ ikú fún apànìyàn, ìdajì yòókù sì lòdì sí i. Wọ́n fún gbogbo wọn ní ìwé ìwádìí méjì kà: ọ̀kan fi hàn pé ìdájọ́ ikú ń dín ìpànìyàn kù, èkejì fi hàn pé kò dín in kù.

Ènìyàn lè rò pé àwọn méjèèjì yóò sún mọ́ ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá kà á tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù yin ìwé tí ó gbè é lẹ́yìn, ó sì tú èyí tí ó takò ó palẹ̀ láti wá àléébù rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n sọ pé àwọn túbọ̀ dá ìgbàgbọ́ àwọn lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rí bá bá tiwa mu, a máa ń gbà á wọlé láìbi í léèrè. Bí ó bá takò wá, a ó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì yẹ gbogbo ẹrù rẹ̀ wò.

Àwọn dókítà pàápàá kò yọ sílẹ̀

Ọ̀mọ̀wé kò bọ́ lọ́wọ́ àìsàn yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà gbà pé àníyàn àti omi kíkan inú ikùn ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Nígbà tí Barry Marshall àti Robin Warren ní Australia sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 pé kòkòrò kan, Helicobacter pylori, ni ó ń fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà. Ní ọdún 1984, Marshall fúnra rẹ̀ mu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ sì wú, ó sì bì. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún sí i kí gbogbo àgbáyé tó yí ìtọ́jú padà. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005.

Ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde

Ìdí kejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ jẹ́ kí a wo òbí kan ní Omagba, àdúgbò kan ní Onitsha, ní ọjọ́ tí ìròyìn 2017 yẹn dé etí rẹ̀. Ó mọ̀ pé àrùn monkeypox wà, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ní ìpínlẹ̀ Bayelsa ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn ọdún 39 tí a ti gbọ́ nípa rẹ̀ gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun wà ní ìgboro lóòótọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ fún un ohun tí ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ṣe fún Onitsha. Òtítọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irọ́ kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀. Láti ẹnu àwọn tí ó ń bẹ̀rù gan-an sì ni àlàyé ti wá.

Bí ó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò tíì ṣe ohun tí ó burú. Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, tí a kò rí ọmọ kan tí abẹ́rẹ́ náà kó àrùn ràn, tí òbí náà sì wá ń lo ìròyìn yẹn láti kọ gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ̀kọ́ láti Kano

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kano fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yínrùnyínrùn, ilé-iṣẹ́ Pfizer kó àwọn ọmọdé bíi 200 jọ níbẹ̀ fún ìdánwò oògùn Trovan. Ọmọ 11 kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kano.

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ọdún 2003, Kano dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró, nítorí wọ́n gbà pé ó ń sọ obìnrin di àgàn. Àrùn náà ran láti àríwá Nàìjíríà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2004, wọ́n gbà láti padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àjẹsára tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jùlọ. Àjẹsára kan náà ni. Ọwọ́ tí ó ti wá ni ó yàtọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà.

Ohun tí a lè ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa lónìí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní àjẹsára HPV, kòkòrò tí ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ìròyìn pé ó ń fa àgàn tún ti jáde, irọ́ ni.

Ìrètí wà. Ìwádìí tí Thomas Wood àti Ethan Porter tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé, bí a bá tún àṣìṣe ṣe fún àwọn ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n túbọ̀ di àṣìṣe náà mú. Nítorí náà, ẹ má ṣe bú ẹni tí ń bẹ̀rù. Ẹ bi í ní ohun tí ó gbọ́ àti ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó fọkàn tán ni yóò bá a sọ̀rọ̀: nọ́ọ̀sì àdúgbò, àlùfáà, àbí ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ti gba àjẹsára. Bí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ bá ti ṣẹ̀ rí, kí wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀.

Kí olúkúlùkù sì bi ara rẹ̀ pé: ẹ̀rí wo ni mo lè rí tí n ó fi yí ọkàn mi padà? Bí kò bá sí ọ̀kankan, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rí ni a ń wá mọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.