Ìjọba sú wọn, àdó olóró náà kò wù wọ́n: Ohun tí Bouaké mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ Iran

Languibonou wà ní ẹkùn Botro, ní agbègbè Gbêkê tí Bouaké jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ní Côte d'Ivoire. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó sì dàgbà sí agbègbè yìí ti gbé lábẹ́ ìjọba, ó ti gbé lábẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń jẹ́ kí bàálù ogun máa fò lórí ìlú tí àwọn èèyàn ti ń ná ọjà.

Ìdí rèé tí ìbéèrè tí ayé ń bi àwọn ará Iran kò fi ṣàjèjì níbẹ̀: tí ìjọba yín bá ti sú yín, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ará ìta wá fi àdó olóró lé e lọ?

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Bouaké?

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, àwọn ọmọ ogun kan dìtẹ̀ mọ́ ìjọba Ààrẹ Laurent Gbagbo. Abidjan kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gba Bouaké, wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó. Orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì. Àwọn ọmọ ogun Faransé dúró láàárín.

Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2004, ìjọba Gbagbo rán bàálù ogun sí Bouaké láti gba ìlú náà padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, àdó olóró balẹ̀ sí ibùdó àwọn ọmọ ogun Faransé ní ilé ẹ̀kọ́ Descartes. Ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án àti ọmọ Amẹ́ríkà kan kú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Ààrẹ Jacques Chirac pàṣẹ kí wọ́n ba àwọn bàálù ogun Côte d'Ivoire jẹ́.

Bí ìròyìn yìí ṣe dé Abidjan, ìgboro dàrú. Àwọn èrò tú jáde láti kọjú ìjà sí Faransé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn àjèjì sì sá kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn níwájú Hôtel Ivoire, àwọn aráàlú sì kú níbẹ̀. Gbagbo tí àwọn alátakò ń fẹ̀sùn kàn wá di ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbèjà rẹ̀.

Ọdún 2011: ẹ̀rín níhìn-ín, ẹkún lọ́hùn-ún

Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kọkànlá, ọdún 2010, àjọ elétò ìdìbò kéde pé Alassane Ouattara ló wọlé. Gbagbo kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, ọdún 2011, hẹlikópítà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí àwọn ibùdó ogun rẹ̀ ní Abidjan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọwọ́ tẹ Gbagbo.

Àwọn kan jó, torí lójú tiwọn, ìbò tí wọ́n dì ni wọ́n gbà padà. Àwọn mìíràn sunkún pé Faransé tún ti fi ọba jẹ fún wọn. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló kú nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò náà, wọ́n sì wà ní ìhà méjèèjì. Gbagbo fúnra rẹ̀ jẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague. Wọ́n dá a láre ní 2019, ó sì padà sílé ní oṣù Kẹfà, ọdún 2021.

Títí di òní, bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níbi tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sí ní Côte d'Ivoire, ẹ lè gbọ́ ìdáhùn mẹ́rin.

Iran kò yàtọ̀

Lẹ́yìn ikú Mahsa Amini ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Iran tú sí ìgboro láti fi hàn pé ìjọba ti sú wọn. Ọ̀pọ̀ kú, ọ̀pọ̀ sì wọ ẹ̀wọ̀n.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, Israel bẹ̀rẹ̀ sí í ju àdó olóró sí Iran. Amẹ́ríkà dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọjọ́ 22. Ìjọba Iran ní èèyàn tó lé ní 1,000 ló kú. Inú àwọn kan dùn nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ọ̀gágun kan ti kú. Reza Pahlavi, ọmọ ọba tí wọ́n lé kúrò ní 1979, rọ àwọn aráàlú láti òkè òkun pé kí wọ́n dìde.

Ṣùgbọ́n Narges Mohammadi, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2023, tí ìjọba náà sì ti sọ sẹ́wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà, ní kí wọ́n dá ogun náà dúró. Ní ọjọ́ 23, àdó olóró Israel balẹ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Evin ní Tehran, níbi tí wọ́n ti máa ń ti àwọn tó ń tako ìjọba mọ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tó kú, àwọn ẹbí tó wá wo èèyàn wọn náà sì wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wa

Kò tíì pẹ́ tí ìbéèrè yìí dé ẹnu ọ̀nà Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Keje, ọdún 2023 ní Niger, ECOWAS, tí Ààrẹ Bola Tinubu jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, halẹ̀ pé àwọn yóò lo agbára ológun. Ouattara, ẹni tí hẹlikópítà àjèjì ràn lọ́wọ́ ní 2011, ṣèlérí ọmọ ogun. Ní Niamey, èrò kún pápá ìṣeré láti ti àwọn ológun lẹ́yìn, ECOWAS kò sì padà rán ọmọ ogun lọ.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìjọba tó ń fìyà jẹ aráàlú ló ń ṣílẹ̀kùn fún àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ilé mọ̀ pé bí òrùlé bá wó, kì í ṣe orí baálé nìkan ni yóò wó lé. Nítorí náà, bí ará Iran kan bá ní òun kò fẹ́ ìjọba òun, tó sì ní òun kò fẹ́ àdó olóró, kò ta ko ara rẹ̀. Àwọn ará Bouaké kò ní béèrè àlàyé lọ́wọ́ rẹ̀.