Kí A Tó Tú Àṣírí Òwò Fún Alábàáṣe

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kan gbogbo ẹni tó ń yan búrẹ́dì, tó ń ránṣọ, tó ń jó irin, tó sì ń wá ẹni tí yóò bá a dá owó pọ̀.

Ìtìjú ló ń pa wá. Bí ẹnìkan bá ti jẹ́ ọmọ ìlú wa, ojú a máa tì wá láti ní kí ó fọwọ́ síwèé. A óò ka òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun àti orúkọ àwọn oníbàárà wa fún un kí ó tó mú kọ́bọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀, ẹyin lohùn.

Ẹ wo ẹjọ́ Coco àti ilé iṣẹ́ Clark, tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Coco ya àwòrán ẹ́ńjìnnì alùpùpù kékeré, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún Clark nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ àjọṣe. Àjọṣe náà forí ṣánpọ́n, Clark sì ṣe ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Kò sí àdéhùn kankan tí wọ́n fọwọ́ sí. Adájọ́ Megarry gbà pé ẹni tí a tú àṣírí òwò fún lè ní láti pa á mọ́ bí kò tilẹ̀ sí ìwé. Ṣùgbọ́n olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé àṣírí ni lóòótọ́, àti pé ẹnìkejì lò ó láìgbàṣẹ. Coco kò lè fi èyí múlẹ̀ tó, adájọ́ kò sì dá Clark lọ́wọ́ kọ́.

Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tuntun ni kí ó ṣọ́ra jù. Òfin Nàìjíríà ti 1970 lè fún un ní ẹ̀tọ́ ọdún 20 lórí rẹ̀, bí ó bá ń san owó ọdọọdún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti tú síta fún aráyé kí ó tó fi orúkọ sílẹ̀ kì í ṣe tuntun mọ́. Nítorí náà, ìwé ni kí ó ṣáájú, kí ó tó fi han ẹni tí yóò bá a jó irin rẹ̀.

Ẹ má sì sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n fún ọmọ iṣẹ́ o. Ọgbọ́n ọwọ́ tí ó kọ́ lọ́dọ̀ yín, tirẹ̀ ni. Ìwé orúkọ oníbàárà yín ni kò gbọdọ̀ kó lọ. Ohun tí gbogbo ọjà ti mọ̀ kò nílò àdéhùn, kò sì sí àdéhùn tó lè bo ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀.

Kí ìwé náà dárúkọ àṣírí ọ̀hún gan-an, ohun tí a fẹ́ lò ó fún, àti iye ọdún tí a óò fi pa á mọ́. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ kọ, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí olúkúlùkù mú ọ̀kan, kí a tó wá sọ òṣùwọ̀n.