A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ àti Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní Ìlú Toronto

Nígbà tí ẹnjiníà bá jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀, tí ó tẹ́ àwòrán ìgboro síwájú, tí ó sì mú rúlà láti pín òpópónà kan láàárín mọ́tò, bọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ ológeere àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, orí ẹlòmíràn ni ó ń fá yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé mọ́tò ni òun fúnra rẹ̀ ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́, kò sí bí yóò ṣe mọ̀, àfi bí ẹnìkan bá wá là á yé e, pé omi òjò máa ń dárogún sí orígun ibi báyìí tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá, tàbí pé iná tó ní kí ẹlẹ́sẹ̀ máa lọ ti ń pa kí ìyá arúgbó tó rìn já òdìkejì títì. Àwọn baba wa sì ti wí i tipẹ́ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Kí irú ìfárí bẹ́ẹ̀ má baà máa wáyé ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Àríwá Amẹ́ríkà fi gbé ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rírìn àti kẹ̀kẹ́ gígùn. Ará ìlú ni àwọn tó ń jókòó nínú rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú kánsẹ́lọ̀ kan tàbí méjì láàárín wọn. A kì í san owó oṣù fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n sì sábà máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ìlú, ilẹ̀kùn a sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá gbọ́ tàbí tó fẹ́ sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kánsù a gbé àwòrán títì tuntun wá síwájú wọn, wọ́n a yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, wọ́n a béèrè ohun tó rú wọn lójú, lẹ́yìn náà wọ́n a kọ ìwé sí méyọ̀ àti àwọn kánsẹ́lọ̀ pé bí àwọn ṣe rí ọ̀rọ̀ náà sí rèé. Ibẹ̀ ni agbára wọn mọ. Wọn kò lè dá iṣẹ́ dúró, wọn kò lè ná kọ́bọ̀ nínú owó ìlú, ẹni tí wọ́n gbà nímọ̀ràn sì lè ká ìwé wọn pọ̀ kí ó jù ú sí kọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ìtàn Toronto, ìlú tó tóbi jù lọ ní Kánádà, sì fi ohun tí ìlú ń rí gbà hàn nígbà tó bá fetí sílẹ̀, àti ohun tó ń pàdánù nígbà tó bá kọ etí ikún.

Ọdún 1975 ni kánsù Toronto dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ní kété lẹ́yìn àkókò tí kẹ̀kẹ́ ológeere tà wàrà káàkiri Àríwá Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀wọ́n epo ọdún 1973 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ aláìníláárí. Jack Layton, ẹni tó wá di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú New Democratic Party fún gbogbo Kánádà, ti ṣe alága rẹ̀ rí nígbà tó jẹ́ kánsẹ́lọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́.

Ohun tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá kánsù sọ lè dà bí ohun yẹpẹrẹ létí ẹni tí kì í gun kẹ̀kẹ́. Mú ọ̀rọ̀ ibi tí a ó so kẹ̀kẹ́ mọ́. Láti ọdún 1984 ni Toronto ti ń gbin òpó irin kúkúrú kan sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí òrùka irin dídà ńlá kan kọ́ lọ́rùn rẹ̀, tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lè ki ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo rẹ̀ bọ̀, kí ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù láìfòyà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú òpó bẹ́ẹ̀ ló wà nígboro. Nígbà tó di ọdún 2006, àṣírí tú pé bí olè bá ki pákó kan bọ inú òrùka náà, tí ó sì fi tẹ̀ ẹ́, irin dídà yẹn a ṣẹ́ kúrò lára òpó, kẹ̀kẹ́ a sì bá a lọ pẹ̀lú àgádágodo lọ́rùn. Ariwo àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ta, kánsù sì ní láti wá ọ̀nà àtifún òrùka náà lókun. Awakọ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn lójoojúmọ́ kò lè mọ̀ láé pé ó ní àléébù.

Ọ̀rọ̀ irin ojú títì lágbára ju èyí lọ fíìfíì. Toronto wà lára àwọn ìlú díẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà tó ṣì ń lo ọkọ̀ ojú irin láàárín ìgboro. Irin méjì méjì tẹ́ gbalaja sójú òpópónà Queen, King, Dundas àti College. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kọ̀ọ̀kan ni kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí etí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ń wọ̀. Táyà mọ́tò fẹ̀ ju kòtò yìí lọ, awakọ̀ kò tilẹ̀ ní fura pé ó wà níbẹ̀; ṣùgbọ́n táyà kẹ̀kẹ́ a máa bọ́ sínú rẹ̀, a sì há, ẹni tó gùn ún a yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ títí kò ní yí, ó di gbàmù lórí títì níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ó tó lè ré irin náà kọjá ní àlàáfíà, ó ní láti dá a lú ní ìbú, kò gbọ̀dọ̀ yà á ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bá ṣí ilẹ̀kùn lójijì, tí ọkọ̀ mìíràn sì ń fẹ́ná mọ́ ọn lẹ́yìn, àyè wo ni yóò ti rí yí ìbú? Ìwádìí kan tí Kay Teschke ti Yunifásítì British Columbia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2016 yẹ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ 276 tó farapa ní Toronto wò, wọ́n sì rí i pé irin yìí lọ́wọ́ nínú ìjàǹbá 87 lára wọn, èyí tó jẹ́ ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ fi gbọ́dọ̀ jókòó níbi tí wọ́n ti ń ya títì, èyí nìkan tó.

Ti ẹlẹ́sẹ̀ ṣòro ju ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lọ, nítorí ẹni tó ń rìn kì í ka ara rẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ kankan. Gbogbo wa ni ẹlẹ́sẹ̀, ohun tó sì jẹ́ ti gbogbo ayé kì í sábà ní agbẹnusọ. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ìlú mẹ́fà pọ̀ di Toronto kan ṣoṣo ní ọdún 1998, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, èso rẹ̀ tó lókìkí jù sì ni Ìwé Ẹ̀tọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ tí kánsù fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ìwé náà sọ ọ́ ní gbangba pé kí ènìyàn lè rìn láìséwu, ìbáà jẹ́ ọmọdé tàbí arúgbó, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ìlú jẹ ẹ́.

Kí ẹ̀tọ́ yẹn má baà jẹ́ orí ìwé lásán, ẹ jẹ́ kí á ṣírò. Ìwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà Àríwá Amẹ́ríkà fi ń ṣètò iná ẹlẹ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ènìyàn a máa rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí títì bá fẹ̀ tó 20 mítà, ìṣẹ́jú-àáyá 17 ló máa gbà á. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí eékún ń dùn, tí kò lè rìn ju mítà 0.8 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò nílò ìṣẹ́jú-àáyá 25. Nígbà tí 17 bá pé, nǹkan bí mítà mẹ́fà ààbọ̀ ṣì kù níwájú rẹ̀, àwọn mọ́tò ti ń sáré bọ̀, ìyá wa sì wà láàárín títì pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ìkà nínú ẹni tó ṣètò iná náà. Ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré fún ẹni tára rẹ̀ le, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ìyá kan wà.

Mo ti sọ pé ìmọ̀ràn kì í ṣe àṣẹ. Ní ọdún 2001, kánsù fọwọ́ sí ètò kẹ̀kẹ́ kan tí yóò tẹ́ ojú ọ̀nà tó tó 1,000 kìlómítà láàárín ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà pé, ohun tí wọ́n ṣe kò dé ìdajì. Rob Ford ni méyọ̀ nígbà náà, ọkùnrin tí kò fi pa mọ́ láti ìgbà tó ti wà ní kánsẹ́lọ̀ pé mọ́tò, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n torí wọn ṣe títì. Ní ọdún 2011, kánsù kò tún ìgbìmọ̀ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àti ti ẹlẹ́sẹ̀ gbé dìde mọ́. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ti lo ọdún 36 lẹ́nu iṣẹ́ parí bẹ́ẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni kánsù dìbò pé kí wọ́n pa ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ òpópónà Jarvis rẹ́, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kùn ní 2010, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ti di bí ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀rọ tó máa pa ọ̀dà náà rẹ́ dé ní ìparí ọdún 2012, àwọn kan lọ jókòó sójú títì níwájú rẹ̀. Owó tí wọ́n fi yọ ọ́ ju èyí tí wọ́n fi ṣe é lọ. Ohun tí ìbá jẹ́ àríyànjiyàn lórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ìlú ló di ìjókòó lórí títì nínú òtútù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba bíi Cycle Toronto gba ẹ̀yìn wọlé. Òpópónà Bloor, tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà pípẹ́, ní ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ìdánwò ní 2016, kánsù sì dìbò 36 sí 6 ní oṣù Kọkànlá 2017 pé kí ó wà títí lọ. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ontario ṣòfin ní 2024 pé òun yóò yọ ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lórí Bloor, Yonge àti University kúrò, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà dé. Ní oṣù Keje ọdún 2025, adájọ́ dá a pé yíyọ ọ́ tako ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní sí ẹ̀mí àti ààbò ara rẹ̀ lábẹ́ òfin Kánádà, àti pé ẹ̀rí kò fi hàn pé yóò dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kù. Ìjọba ní òun yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Agbẹjọ́rò ló wá ń sọ ohun tí ìgbìmọ̀ ará ìlú ìbá sọ lọ́fẹ̀ẹ́.

N kò ní fi àléébù irú ìgbìmọ̀ yìí pa mọ́. Ẹni tó ráyè ní ìrọ̀lẹ́ ló ń lè wá sí ìpàdé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí, kì í sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni títì ń halẹ̀ mọ́ jù. Kánsù tó bá gbọ́n a máa wá irú wọn lọ sí ibi tí wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2018 lórí ẹsẹ̀ rírìn àti kẹ̀kẹ́ gígùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ rí pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn, lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, tí ó sì wo àwọn agbófinró nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú àwọn tí kò lè gùn ún, yóò mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán afárá náà. Mo wá ń bẹ ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ wa: kí ẹ tó tún fọwọ́ sí títì tàbí afárá mìíràn, ẹ pe ìyá aláte, ọmọ iléèwé, arọ àti ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta búrẹ́dì jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan tí òfin mọ̀, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n bá kọ sétí gbogbo kánsù kí ẹ tó dìbò.