Ère Ìbejì Lórí Àtẹ Gbàǹjo

Bí ẹ bá ṣí ojú òpó eBay lónìí, tí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ náà "ibeji" síbi ìwákiri, ère ọmọ wa ni ẹ ó rí, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n tò kalẹ̀ bí ẹni pàtẹ iṣu, tí iye owó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí aago sì ń ka ìṣẹ́jú tó kù kí gbàǹjo parí. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń tẹ̀ lé ọjà yìí láti Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń gbé. Ìbejì ni èmi náà. Táíwò ni mò ń jẹ́, Kẹ́hìndé mi sì wà ní Ìbàdàn. Bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi lè wo àwọn ère wọ̀nyí bí ẹni ń wo àga àtijọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ló mọ orúkọ ère yìí lásán. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù lọ láyé; ìwádìí tí oníṣègùn Nylander ṣe ní Igbó-Ọrà fi hàn pé nǹkan bí 45 ni ìbejì nínú 1,000 ìbí. Ṣùgbọ́n ikú a máa tètè mú wọn láyé àtijọ́. Bí ọ̀kan bá lọ, àwọn òbí a tọ babaláwo lọ, wọn a sì bẹ agbẹ́gilére níṣẹ́. Ìyá a máa wẹ ère náà, a fi osùn pa á lára, a wọ̀ ọ́ láṣọ, a sì fún un lóúnjẹ bó ti ń bọ́ èyí tó wà láàyè. Àyàfi bí èkejì bá kú ni wọ́n tó máa gbẹ́ ère kejì. Nítorí náà, ère tó dá wà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tí wọ́n yà kúrò lára èkejì rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kejì rẹ̀ dàgbà, ó lọ́kọ, ó sì bímọ. Àwọn òǹtajà kì í kọ èyí síbẹ̀. Wọn a kàn dín owó rẹ̀ kù.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé gba ẹ̀sìn Kristi tàbí Ìsìláàmù, ère di ẹrù inú àká, àwọn tó ń rà á káàkiri ìletò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ. Àwọn ìyá mìíràn wá ọ̀nà mìíràn. Stephen Sprague kọ̀wé ní 1978 nípa àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún: bí ìbejì kan bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀, wọn a ya èyí tó kù, wọn a sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀.

Òfin náà kò dákẹ́. Láti 1953 ni wọ́n ti fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Òfin 1979 ka ohun tí wọ́n gbẹ́ ṣáájú 1918 mọ́ ọn, àti èyí tó níye lórí nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n sì ti fi ṣe ìbọ. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òǹtajà kì í ṣe "èló ni?" bí kò ṣe "ìgbà wo ló kúrò nílé, ìwé rẹ̀ dà?" Ẹni tí kò bá lè fèsì, mo fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ní ti gbàǹjo fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kò pọ̀. Ní 1995 tí Pierre Omidyar dá ojú òpó náà sílẹ̀, iná léésà tó ti bàjẹ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀, ó sì pa dọ́là 14.83. Ẹ ó sọ iye tó ga jù tí ẹ lè san fún ẹ̀rọ ní ìkọ̀kọ̀. Bí tèmi bá jẹ́ 300 pọ́n-ùn, tí ti ẹni tó tẹ̀ lé mi sì jẹ́ 180, díẹ̀ lé ní 180 ni n ó san. Àwọn ògbóǹtarìgì a máa dúró di ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn kí wọ́n tó yọjú, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná a sì mú kí ẹlòmíràn san ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Èmi a kọ iye mi sórí ìwé, n ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n ó sì lọ se ọbẹ̀. Ní àwọn ilé gbàǹjo ńlá, ẹ rántí pé owó iṣẹ́ wọn wà lórí owó ọjà. Ó lè tó ìdámẹ́rin rẹ̀.

Ojú ni a fi ń ra ère, kì í ṣe etí. Ère tí ìyá wẹ̀ fún ogún ọdún kì í gbó bákan náà níbi gbogbo. Ibi tí ọwọ́ ń dé, imú, ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́, a ti dán, ojú a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ apá àti ẹ̀yìn etí, ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére ṣì mú ṣáṣá, osùn á sì gan sínú kọ̀rọ̀. Orí a máa ní àmì aró, tàbí búlúù tí a fi ń fọṣọ. Àwọn ayédèrú ń kọ́? Wọ́n a fi èéfín kùn wọ́n, wọ́n a rì wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n a fi pépà ha wọ́n látòkè délẹ̀, títí kan àtẹ́lẹsẹ̀ tí ìyá kankan kò ní ìdí láti máa pa. Mo máa ń bẹ òǹtajà pé kó ya àtẹ́lẹsẹ̀ náà fún mi. Ẹ wo ilà ojú pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ohun onígun mẹ́ta láyà ère, tírà ni. Ère Ìgbómìnà tàbí ti Ọ̀yọ́ ni ẹ ń wò.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí ère obìnrin kan tó ní tírà láyà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá tirẹ̀ ló ṣe olùkọ́ ní Ìlọrin, ìwé àṣẹ ìkójáde ti 1961 sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá ère náà dá wà láti ilé. Ó ní rárá, méjì ni wọ́n. Ó ti ta èkejì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú fún ẹnìkan ní Bẹ́ljíọ̀mù, nítorí wọ́n sọ fún un pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pawó ju méjì papọ̀ lọ. Inú bí mi, n kò parọ́. Mo pe Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi, nítorí òun ló rán mi wá tọ́ ayé wò.

"Táíwò, rà á," ni ó wí. "Ṣé o fẹ́ kí ó tún lọ síbòmíràn ni?"

Iye tí mo kọ sórí ìwé jẹ́ 420 pọ́n-ùn. 265 ni ó já sí. Mo bẹ bàbá náà kó fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ sí Bẹ́ljíọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí èsì tó dé. Obìnrin tó ra èkejì ní òun kò tà á, òun fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́. Etí wọn dọ́gba, ojú ọ̀bẹ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Mo tẹ ọ̀kan nínú fọ́tò náà jáde kó ga tó ère gan-an, mo sì gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti bẹ obìnrin náà pé lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á, kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi kó tó gbé e lọ sí gbàǹjo. Ó ní òun gbọ́.