Ìtumọ̀ àti Ìlò 'Rin Gbindingbindin'

Nígbà kan tí a ń yẹ ìwé ìdáhùn wò, a bá ìbéèrè kan pàdé tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí a fàlà sí nídìí nínú gbólóhùn yìí:

(1) Òjò pa á títí aṣọ rẹ̀ fi rin gbindingbindin.

'Tutù gan-an' ni ìdáhùn tí wọ́n là sílẹ̀ fún olùyẹ̀wéwò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé 'aṣọ náà mu omi yó títí ó fi wúwo', wọ́n sì fún un ní òdo. Lójú tiwa, ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá ju ẹni tí ó ṣe ìdáhùn náà lọ, ìdí rẹ̀ sì ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀-ìṣe rin. Ohùn àárín ni ó ní, nítorí náà kò gba àmì. Kì í ṣe rìn tí à ń fi ẹsẹ̀ rìn, kì í sì í ṣe rín tí ó wà nínú 'rín ẹ̀rín'. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí ọ̀rinrin. Òun náà ni ó wà nínú 'bomi rin': agbẹ̀ a máa bomi rin ewébẹ̀.

Tutù gbòòrò ju rin lọ. A ní ẹja tútù, ewé tútù, ọ̀rọ̀ tútù. Aṣọ tí ó sùn síta mọ́jú nígbà ọyẹ́ lè tutù láìsí ẹ̀kán omi kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ó rin. Ẹ tún wo ìwọ̀nyí (àmì ìràwọ̀ ń fi hàn pé gbólóhùn kò bójú mu):

(2) (a) Omi yìí tutù nini.
    (b) *Omi yìí rin.

Omi ni í mú nǹkan rin. Òun fúnra rẹ̀ kì í rin. Òógùn àti ẹ̀jẹ̀ náà lè mú aṣọ rin.

Gbindingbindin wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé alápètúnpè ni, rin ni ó sì ń bá rìn. A kì í wí pé omi tutù gbindingbindin, bí a kì í ti í wí pé aṣọ rin nini. Ohun tí ó lè fa omi mu ni ó ń júwe, tí ó ti mu ún dé ibi tí kò lè mu mọ́, tí ó wúwo, tí omi ń kán lára rẹ̀:

(3) (a) Tìmùtìmù náà rin gbindingbindin.
    (b) *Àwo náà rin gbindingbindin.

Bí a tilẹ̀ ri àwo bọ odò, omi yóò kàn ṣàn kúrò lára rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta. Àmọ́ irun orí, búrẹ́dì àti igi ìdáná lè rin gbindingbindin. Ẹni tí ó ti fi irú igi bẹ́ẹ̀ dáná rí kò ní bá wa jiyàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún máa ń fi rin rọ́pò rẹ. Alágbàfọ̀ ni ó ń rẹ aṣọ sínú omi. Aṣọ ni ó ń rin.

Ìlò kan ṣì wà tí kí olùyẹ̀wéwò má yára fa igi lé. Bí ọmọ bá kọ 'ilẹ̀ rin gbindingbindin', kí á wo irú ilẹ̀ tí ó ń sọ. Ilẹ̀ oko ń mu omi, ó tọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ yàrá tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, ó ti ṣìnà nìyẹn.