Ìṣẹ́jú Kan Péré fún Ọmọ Tí Kò Ké

Ẹ̀yin ìyá ọmọ àti ẹ̀yin baálé ilé, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí aboyún bá ń rọbí ní òru, kí ni gbogbo ará ilé tí ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń tẹ́tí sí? Igbe ọmọ ni. Bí igbe náà bá ti jáde, ayọ̀ dé, a ó sì máa múra ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá jáde ńkọ́? Àwa tí iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí wà lọ́wọ́ wa ni a máa ń pè sí ibi méjèèjì. Mo ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, mo sì ti bá wọn dúró létí ilẹ̀ tí a gbẹ́ fún ọmọ tí a kò tíì fún ní orúkọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ní ohun tí wọn ó ṣe nígbà tí ọmọ kò bá ké.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kò ké ni ó ti kú. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé nínú ọmọ tuntun 100, bí 10 ni ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ kí wọn tó lè mí dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ni ó máa ń ké bí a bá nu ara wọn gbẹ, tí a mú wọn móoru, tí a sì fi ọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn. Èyí tí kò bá mí síbẹ̀, a ó fi ìbomú kékeré bo imú àti ẹnu rẹ̀, a ó sì máa tẹ àpò rọ́bà tí ó wà lára rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà, bí ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn ìbí ni a fẹ́ kí ọmọ ti máa mí, tàbí kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní afẹ́fẹ́. Àwọn dókítà ń pè é ní Ìṣẹ́jú Wúrà.

Níbo wá ni agbẹ̀bí ó ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Ẹ rántí ilé kéwú. A kì í gbé ìwé lé ọmọ kéwú lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Wàláà ni a ń fún un. Bí ó bá ṣì í kọ, a ó fi omi fọ tàdáwà kúrò, yóò sì tún un kọ. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ènìyàn kì í ṣe wàláà. Àṣìṣe tí a bá ṣe níbẹ̀, omi kò lè fọ̀ ọ́.

Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe wá wàláà fún àwọn oníṣègùn. Ní 1960, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Nọ́wè, Asmund Laerdal, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ṣe ọmọláńgidi kan tí ó tó ènìyàn, kí a lè máa fi kọ́ bí a ti ń fún ẹni tí kò mí ní èémí. Ní 2010, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀kọ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Helping Babies Breathe. Ọmọláńgidi ọmọ ìkókó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. A ó rọ omi sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo bí ọmọ gidi, ẹni tí ń kọ́ni yóò sì máa fi ọwọ́ tẹ rọ́bà kí ó ké tàbí kí ó dákẹ́.

Nísinsìnyí, wàláà tuntun ti dé, inú fóònù ni ó wà. Dókítà Rachel Umoren ti Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Chinyere Ezeaka ti Yunifásítì Èkó wà nínú àwọn tí ó dán an wò ní Èkó àti ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí 274 láti ilé ìwòsàn 20 ni wọ́n pè, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2021. Gbogbo wọn ni ó kọ́kọ́ fi ọmọláńgidi kọ́ṣẹ́ lójúkojú. Lẹ́yìn náà ni a pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba ìwé ìtọ́nisọ́nà inú fóònù nìkan, àwọn kan gba fídíò mọ́ ọn, àwọn kan sì gba àwòrán tí ń dáni lóhùn. Ẹni tí ó gba èyí yóò fi fóònù sínú awò, yóò sì fi í bo ojú, yóò wá dà bí ẹni pé inú yàrá ìgbẹ̀bí ni ó wà. Ọmọ náà wà níwájú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan ohun tí ó kàn láti ṣe. Bí ó bá ṣì í yàn, yóò mọ̀ ọ́n, yóò sì tún un ṣe, láìsí pé ìyá kankan sunkún.

Àǹfààní ńlá ni èyí fún nọ́ọ̀sì tí ó jìnnà sí olùkọ́, bí gbogbo wa ti rí i ní 2020 nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín jẹ. Fóònù kò lè kọ́ ọwọ́ bí ìbomú ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí afẹ́fẹ́ kò fi ní jò. Ọmọláńgidi àti olùkọ́ ni yóò kọ́ni ní ìyẹn. Ojú a fi fóònù mọ̀ ọ́n, ọwọ́ a fi ọmọláńgidi mọ̀ ọ́n. Èkínní kò gbọdọ̀ lé èkejì jáde.

Ohun kan tún kù, òun ni ìgbàgbé. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan tí kò tún un ṣe, láàárín oṣù díẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣá. Ẹ wo àwọn ẹlẹ́ṣin wa tí ń kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ṣé ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun ẹṣin? Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Wàláà inú fóònù dára jù lọ fún àtúnṣe, nítorí nọ́ọ̀sì lè ṣí i lálẹ́ nígbà tí kò sí aboyún lórí ibùsùn.

Ẹ̀yin ìyá wa, kí ni tiyín nínú rẹ̀? Bí ẹ bá lóyún, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi àwọn agbẹ̀bí pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àpò afẹ́fẹ́ ọmọ ìkókó wà níbí? Nígbà wo ni ẹ fi í dánra wò kẹ́yìn?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má dúró di ìgbà tí ìrọbí bá dé kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí ẹ bá rí i tí ó tẹjú mọ́ fóònù, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó ń wò kí ẹ tó bá a wí. Bóyá ọmọ kan tí a kò tíì bí ni ó ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa gbọ́ igbe ọmọ ní gbogbo ilé wa. Àmín.